Mítà yẹ́lò DT830D àti ọ̀rọ̀ bátìrì tí ò gba cháájì: ẹ rà á, àmọ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń purọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Mítà yẹ́lò kékeré yẹn, DT830D, multimeter tí wọ́n fi ń wọn iná, èyí tó kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan iná láti Alaba débi gbogbo, tí owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó bátìrì ọkọ̀ tuntun, ẹ rà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wa ọkọ̀ tó ti pẹ́, Camry pencil light o, Corolla o, Golf 3 o, Peugeot 406 o, ó yẹ kí mítà yìí wà nínú pigeon hole ọkọ̀ ẹ̀. 4 nínú 5 ni mo fún un. Máàkì kan tí mo yọ yẹn, mo mọ ìdí tí mo fi yọ ọ́, torí àwọn nǹkan kan wà lára mítà yìí tó lè jẹ́ kí èèyàn lọ ra altánétọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè máa cháájì bátìrì) tí ò yẹ kó rà, àwọn tó ń tà á ò dẹ̀ ní sọ ọ́ fún yín.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni owó tí àwọn èèyàn ń ná dànù sórí cháájì ọkọ̀. Iná bátìrì pupa tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sáré lọ ra bátìrì. Kò pẹ́ kò jìnnà ọkọ̀ tún kọ̀, wọ́n ní altánétọ̀ ni, wọ́n gbé Belgium (àlòkù òkè òkun) wá láti Ládípọ̀ tàbí láti Àràròmí ní Gate n'Ìbàdàn, wọ́n so ó mọ́ ọn, wọ́n gbowó iṣẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ẹ́ tún bá onímọ́tò níwájú ilé pẹ̀lú wáyà jump lọ́wọ́ tó ń bẹ aládùúgbò kó ṣàánú òun. Gbogbo owó tó lọ yẹn, kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n kàn ń pààrọ̀ ni. Iná pupa yẹn ò sọ pé bátìrì ti bàjẹ́ o. Ohun tó ń sọ ò ju pé iná tó yẹ kó máa ti ọ̀dọ̀ altánétọ̀ wá ò wá bó ṣe yẹ. Bẹ́líìtì lè fà á, fúùsì lè fà á, wáyà tó ti dípẹtà lè fà á, káábọ́ọ̀nù (brush tó ń gbé iná wọ inú altánétọ̀ bó ṣe ń yí) tó ti jẹ tán náà lè fà á. Agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà: ẹni tó bá ti dá altánétọ̀ lẹ́bi láìtíì bi wáyà léèrè, owó olówó ló fẹ́ fi ṣòfò.

Lílo mítà yìí ò le rárá. Ihò mẹ́ta ló wà lára ẹ̀: COM, VΩmA àti 10A. Ẹ ki wáyà dúdú bọ COM, ẹ ki pupa bọ VΩmA, ẹ yí róbótó àárín yẹn sí 20 ní apá tí wọ́n kọ DCV sí (fóltì irú iná tó wà nínú bátìrì), ó parí. Ní 20 yẹn, nọ́ńbà méjì ló máa wà lẹ́yìn àmì, ẹ ẹ́ rí 12.63, kì í ṣe 12 lásán, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ kékeré láàárín 12.6 àti 12.2 yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ bátìrì wà.

Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, máa wà ní fóltì 12.6 tàbí kó lé díẹ̀. Tó bá jẹ́ 12.4, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 ti dé ìdajì, tó bá wá di 11.9 kò sí nǹkan gidi nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ má wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń pa ọkọ̀ báyìí o, torí cháájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń wà lójú lásán, ó lè fi 12.9 hàn yín kó dẹ̀ jẹ́ pé bátìrì yẹn ò lágbára láti yí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jẹ́ kó sùn, tàbí kẹ́ ẹ tan iná iwájú fún ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí ẹnì kan bá yín yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ̀yin máa wo ojú mítà: tí bátìrì tó wà ní 12.6 bá já wálẹ̀ kọjá 9.6 nígbà tí stáátà ń yí, bátìrì yẹn ti ń lọ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi altánétọ̀ bò ó. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti wá ń ṣiṣẹ́, láti 13.8 sí 14.5 ló yẹ kẹ́ ẹ máa rí. Tó bá dúró sí 12.3 tó ń rọra ń wálẹ̀, cháájì ò wọlé rárá. Tó bá lọ kọjá 15, régúlétọ̀ tó ń ṣọ́ fóltì altánétọ̀, èyí tí àwọn ríwáyà (àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) ń pè ní IC, ló ti bàjẹ́, omi bátìrì á máa hó, gílóòbù á máa jó léraléra, brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) náà ò sí láàbò.

Camry ọdún 2000 tí bọ̀dá mi ń wà n'Ìbàdàn ni mo ti rí i pé mítà yìí mọ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì 2.2 ló ní, 5S-FE. Tó bá ti di alẹ́, tí wọ́n há sínú gó-síló ní Ìwó Road tí AC ń ṣiṣẹ́, iná iwájú á kàn máa ṣú lọ, tí wọ́n bá tẹ tọ́rótù á tún mọ́lẹ̀ díẹ̀. Tó bá di àárọ̀, stáátà á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Iná pupa ò dẹ̀ tàn rárá. Wọ́n ti ra bátìrì tuntun o, bákan náà ni. Ríwáyà tó wà nítòsí gbọ́wọ́ lé altánétọ̀, ó ní kò lágbára mọ́, kí wọ́n lọ wá owó Belgium wá.

A tan ọkọ̀, a tan iná iwájú, a tan AC, nítorí tí ọkọ̀ ò bá gbé ẹrù, àìsàn ẹ̀ ò ní hàn. Mo fi mítà kan orí bátìrì méjèèjì, 13.2. Tí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, èmi náà á gbà pẹ̀lú ríwáyà. Mo wá lọ sẹ́yìn altánétọ̀ fúnra ẹ̀, nọ́ọ̀tì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà bo orí ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní B, ibẹ̀ ni iná ń gbà jáde lọ sí bátìrì. Mo fi pupa kan nọ́ọ̀tì yẹn, mo fi dúdú kan ara altánétọ̀, ó ka 14.1. Ẹ wò ó, altánétọ̀ tí wọ́n ti fẹ́ sin, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa! Ibi tí 0.9 yẹn ń sọnù sí lójú ọ̀nà ló kù ká wá.

Bí wọ́n ṣe ń wá a rèé, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Kí ọkọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́, kí iná ṣì wà ní títàn, ẹ fi pupa kan B, ẹ fi dúdú kan orí bátìrì tó jẹ́ pósítífù. Pósítífù sí pósítífù ni o. Tí wáyà àárín wọn bá mọ́, nǹkan tí mítà máa kà ò ní ju 0.2 lọ, tiwa ka 0.1, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ wá fi pupa kan ara altánétọ̀, ẹ fi dúdú kan orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Ibẹ̀ náà ò yẹ kó ju 0.2. Tiwa ka 0.8. Ọwọ́ tẹ olè. A tọ wáyà nẹ́gẹ́tífù lọ síbi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Wọ́n ti sọ gíá yẹn kalẹ̀ rí, nígbà tí wọ́n gbé e padà wọn ò ha ojú ibẹ̀, gírísì àti ìpẹtà aláwọ̀ ewé ló wà láàárín irin méjèèjì, bóòtù ọ̀hún gan-an ò fún tó. A tú u, a fi sandpaper ha ojú méjèèjì títí irin fi tàn yanran, a dè é padà kó fún. Bátìrì tó ń gba 13.2 bẹ̀rẹ̀ sí í gba 14.0 pẹ̀lú iná iwájú àti AC ní títàn. Stáátà tó ń tìkọ̀ náà jí, torí wáyà kan náà ni iná stáátà ń gbà padà sí bátìrì. Owó sandpaper nìkan la ná.

Ìdí tí iná pupa ò fi tàn ní gbogbo ìgbà yẹn náà yẹ ká mọ̀ ọ́n. Altánétọ̀ Toyota yìí ní wáyà kéékèèké mẹ́ta tó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn ẹ̀, S, IG àti L. L ló lọ sídìí gílóòbù pupa, IG ló ń jí i nígbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, S ló fi ń wo bátìrì kó lè mọ̀ bóyá kó fi kún un tàbí kó dín in kù. Àmọ́ láti ara òun fúnra ẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n yẹn, kì í ṣe láti nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Ó wá dà bíi kóńgò gàrí tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n rí i pé ó kún dé ẹnu, ẹni tó ń gbà á ló mọ̀ pé kò kún. 0.8 tí ìpẹtà jẹ, altánétọ̀ kà á mọ́ ohun tó ti fún bátìrì. Bí wọ́n bá gbé altánétọ̀ tuntun láti Japan wá so mọ́ ọkọ̀ yẹn, bó ṣe máa ṣe é náà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ níbí. Àwọn ríwáyà kan ṣì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń yẹ altánétọ̀ wò ni kí wọ́n tan ọkọ̀ kí wọ́n yọ orí bátìrì kan kúrò, tí ọkọ̀ ò bá kú, altánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má gbà fún wọn. Láyé Beetle tó ń lo dynamo, kò sí brain box nínú ọkọ̀ tó máa jó. Nínú ọkọ̀ tó ń lo altánétọ̀ àti fuel injection, bátìrì ló ń gba gbogbo ẹrù iná tó bá ṣàdédé pọ̀ mọ́ra, bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nígbà tí altánétọ̀ ń ti iná jáde, fóltì lè fò kọjá 40 lójijì kí régúlétọ̀ tó rí i mú, ó sì lè pa dáyọ́òdù inú altánétọ̀ (èyí tó ń sọ iná ẹ̀ di irú tí bátìrì lè gbà), ó lè pa régúlétọ̀, ó lè pa brain box. Altánétọ̀ tó wà láàyè ni wọ́n á pa, wọ́n á wá sọ fún yín pé òótọ́ ni àwọn sọ, ó ti kú. Mítà yìí á dáhùn ìbéèrè kan náà láìtú nǹkan kan.

Ó dáa, àléébù ẹ̀. Èyí tó léwu jù fún ẹni tó ń yẹ cháájì wò ni bátìrì 9V tó wà nínú mítà fúnra ẹ̀. Tí bátìrì yẹn bá ti ń kú, mítà ò ní ṣíwọ́, ńṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kọjá bó ṣe wà. Ọkọ̀ tó wà ní 14.2, ó lè fi 15.5 hàn yín, ó lè fi 16 hàn yín, ẹ ẹ́ sọ pé IC ti jó, ẹ ẹ́ lọ ra òmíràn. Àmì bátìrì kékeré máa ń yọ lójú mítà nígbà míì, àmọ́ ó kéré, oòrùn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Ẹ ra bátìrì 9V gidi sí i, èyí tó máa ń bá a wá látinú páálí kì í pẹ́.

Ìkejì, ibi AC ẹ̀ (kì í ṣe AC tó ń fẹ́ atẹ́gùn o, irú iná tó ń wá láti NEPA ni). Àwọn tó mọ̀ nípa altánétọ̀ máa ń sọ pé kẹ́ ẹ yí mítà sí AC kẹ́ ẹ wọn orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó bá ju 0.5 lọ, dáyọ́òdù kan ti lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ mítà yìí ò lè bá yín ṣe é. Ibi AC tó kéré jù lára ẹ̀, 200 ni, kò lè rí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, ohun tó tún burú ju ìyẹn ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín AC àti DC bátìrì. Ẹ fi kan bátìrì tó wà ní 14, á ka bí 30. Ẹ yí wáyà padà, á ka 0. Mo ti rí ọmọṣẹ́ kan tó fi 30 yẹn dá altánétọ̀ lẹ́jọ́ ikú níṣojú mi, ó sì dá a lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ dáyọ́òdù wò pẹ̀lú mítà yìí, àfi kẹ́ ẹ tú altánétọ̀, kẹ́ ẹ yí mítà sí ibi tí àmì dáyọ́òdù wà, dáyọ́òdù tó bá dáa á ka nọ́ńbà kan lápá kan, 500 sí 600 níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá yí wáyà padà á gbé 1 kan ṣoṣo sójú. Tó bá ka nọ́ńbà lápá méjèèjì tàbí tó gbé 1 lápá méjèèjì, ó ti lọ.

Ìkẹta, ihò 10A yẹn ò ní fúùsì. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé wáyà pupa síbẹ̀ tẹ́ ẹ wá lọ fi kan orí bátìrì méjèèjì, ẹ ti so pósítífù mọ́ nẹ́gẹ́tífù nìyẹn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá mítà wá á yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán níbẹ̀, ẹ dá pupa padà sí VΩmA kẹ́ ẹ tó gbé mítà sílẹ̀.

Ihò yẹn náà ló wúlò o, tó bá jẹ́ pé cháájì ń wọlé dáadáa àmọ́ bátìrì ṣì ń kú tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ yọ wáyà nẹ́gẹ́tífù, ẹ ki wáyà pupa bọ ihò 10A, ẹ yí ojú mítà sí 10A, ẹ wá fi mítà sáàárín wáyà yẹn àti orí bátìrì. Ẹ má sítáàtì ọkọ̀ tí mítà bá wà níbẹ̀ láé. Tí gbogbo nǹkan bá ti sùn, kò yẹ kó ju ámpù 0.05 lọ. Tó bá ka 0.5, bátìrì 60Ah máa lo ìdajì agbára ẹ̀ láàárín ọgọ́ta wákàtí, ẹni tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, bátìrì ẹ̀ lè má lágbára láti yí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ Ajé. Ẹ máa yọ fúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi já wálẹ̀. Alárọ́ọ̀mù tí wọ́n so lẹ́yìn, tírákà, àti rédíò tí kì í ṣe ti ọkọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ káábọ́ọ̀nù náà, kí n má gbàgbé. Corolla aládùúgbò wa kan, iná pupa tàn tòun ti pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mítà ń ka 12.2 ó ń wálẹ̀. Bẹ́líìtì fún, kò dán, kò dún. A pa ẹ́ńjìnnì, a wọn B, iná bátìrì wà níbẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé fúùsì ALT ńlá ò tíì jó (èyí máa ń jó tí ẹnì kan bá fi wáyà jump sódì). A yí kọ́kọ́rọ́, iná wà ní S, ó wà ní IG. Nígbà náà la tó tú altánétọ̀, káábọ́ọ̀nù ti jẹ tán. Nínú altánétọ̀ Toyota irú èyí, 10.5mm ló máa ń yọ síta nígbà tó bá wà ní tuntun, tó bá ti ku 1.5mm kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tiwọn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ nìkan, altánétọ̀ tó bá ọkọ̀ yẹn wá ló ṣì wà lára ẹ̀ títí di òní.

Àwọn kan máa ń béèrè fóltìmítà kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò síga, ṣé ìyẹn ò tó? Ó dáa láti máa fi ṣọ́ cháájì lójú ọ̀nà, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìrìn àjò, àmọ́ ó máa ń kà á kéré díẹ̀ nítorí wáyà tó gùn tó ń ti inú ọkọ̀ wá, kò sì lè bá yín tọpa ìpẹtà débi gíábọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun, kó ra clamp meter, àmọ́ kó rí i dájú pé èyí tó ń ka ámpù DC ni, torí ọ̀pọ̀ èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ámpù AC nìkan ló ń kà, kò sì wúlò fún bátìrì ọkọ̀.

Tẹ́ ẹ bá lọ ra DT830D, ẹ má gba ti páálí tí wọ́n ti dè. Ẹ ní kí wọ́n tú u. Ẹ mú bátìrì 1.5V tuntun lọ́wọ́, kó ka nǹkan bí 1.6. Ẹ yí i sí 200 ní ibi Ω, ẹ fi imú wáyà méjèèjì kanra, nọ́ńbà ò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju 1 lọ, ẹ wá mi wáyà yẹn nídìí ibi tó ti wọ ọwọ́ pupa àti ọwọ́ dúdú. Tí nọ́ńbà bá ń fò sókè fò sódò bẹ́ ẹ ṣe ń mì í, wáyà yẹn ti ń já nínú, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá.